Ẹní Tí Bàbá Tẹ́ Sábẹ́ Igi Ṣẹ́rì

                                                  Ilé Kẹrin, Àdúgbò Sakashita,
                                                  Takaoka.
                                                  Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹrin, 2017.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Naoyuki,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Satsuki ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń bá a fà láti ìgbà òtútù ti fi í sílẹ̀? Kozue ọmọ mi ńkọ́? Mo wo fọ́tò tí ẹ fi sínú káàdì ọdún tuntun títí, mo sì rí i pé ọmọ náà ti ga, eyín iwájú rẹ̀ sì ti pé. Imú Màmá gan-an ló gbé wá sáyé, má bá mi jiyàn. Mo lérò pé yìnyín ti kúrò lórí òrùlé yín, àti pé ìbàdí tí o fi lulẹ̀ nígbà tí ò ń kó yìnyín nù ti san pátápátá. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún kì í gun òrùlé bí ológbò mọ́. Mo ti sọ ọ́, mi ò ní sọ ọ́ mọ́.

Bí o bá ń bi ara rẹ pé kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n mi ò pè mí lórí fóònù, tó wá jókòó tó ń kọ ìwé bí ará àtijọ́, ìdáhùn rẹ̀ ò le. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti dárúkọ Bàbá lórí fóònù ni ẹnìkan máa ń kan ilẹ̀kùn rẹ, tàbí kí omi máa hó lórí iná. Ìwé ò ní bọ́tìnnì tí a fi ń pa á. O lè fà á ya o, ṣùgbọ́n èmi ni mo pọ̀n ọ́, mo mọ̀ ọ́. Wàá kọ́kọ́ kà á tán ná.

Ara tèmi le. Oṣù kẹrin lèyí, o sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ ní ìsọ̀ mi. Ilé-ìwé ti wọlé, gbogbo ìyá ọlọ́mọ ní Takaoka ló ra aṣọ ilé-ìwé tó tóbi ju ọmọ lọ, wọ́n ní ọmọ á dàgbà bá a, wọ́n wá ń kó o wá kí n bá wọn ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ ṣòkòtò ni mò ń rí. Bí mo bá sùn, ẹsẹ̀ ṣòkòtò ni mò ń lá. Mo dúpẹ́ ṣá, iṣẹ́ kì í pani bí àìríṣẹ́ ṣe ń pani.

Òdòdó ṣẹ́rì pẹ́ kí ó tó yọ níhìn-ín lọ́dún yìí, nítorí òtútù ò fẹ́ lọ. Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá kí a tó rí àkọ́yọ lára igi ẹ̀gbẹ́ afárá pupa, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo ọgbà ìgbafẹ́ ti funfun báláú. Bí o bá dúró lórí afárá náà, o ò ní rí omi yàrà tó yí ọgbà náà ká mọ́. Òdòdó ni lókè, òdòdó ni nísàlẹ̀, ìwọ á sì wà láàárín wọn. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo ti lò láyé, gbogbo rẹ̀ ní ìlú yìí, síbẹ̀ mo la ẹnu sílẹ̀ bí àlejò. Ohun tó dára dára. Èrò ń wọ́ tìrítìrí, òórùn ẹran sísun gba gbogbo afẹ́fẹ́, àwọn ọ̀mùtí sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Jókòó dáadáa.

Bàbá fẹ̀yìn tì ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógójì ní ilé-iṣẹ́ páálí yẹn, wọ́n fún wọn ní ìdì òdòdó kan àti aago ọwọ́ kan, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn, ó parí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ wò wọ́n. Aago méje ò tíì lù. Mo bá wọn nínú pálọ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn, wọ́n jókòó ṣánṣán, wọn ò tan tẹlifíṣọ̀n, wọn ò ka ìwé ìròyìn. Mo béèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n ní àwọn ò lọ ibì kankan. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ìta, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìta, ẹ̀rín náà ò dùn mọ́.

Ní ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mo gbójú sókè ní ìsọ̀, Bàbá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Naoyuki, ọdún méjìlá ni mo ti ní ìsọ̀ yẹn, wọn ò fẹsẹ̀ kàn án rí. Wọ́n di fìlà wọn mú lọ́wọ́ bí ẹni tó wá wáṣẹ́. Wọ́n ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, láti aago mọ́kànlá, àwọn fẹ́ tẹ́ ẹní sínú ọgbà ìgbafẹ́, bóyá mo lè ráyè wá wo òdòdó pẹ̀lú àwọn.

Mi ò mọ ohun tí ìwọ ì bá sọ. Èmi, ahọ́n mi yára ju ọpọlọ mi lọ. Mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Èyí ò tó mi, mo tún ní, "Bàbá, ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ tẹ́ ẹní fún ti lọ."

Wọ́n ní, "Òótọ́ ni." Wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n sì lọ.

O mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́. Láti ìgbà tí o ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta ni Màmá ti ń tẹ́ ẹní sábẹ́ igi tó tẹ̀ yẹn, lẹ́bàá yàrà, lọ́dọọdún, títí di ọdún tó kú. Tìmùtìmù mẹ́rin ló máa ń tò sórí ẹní: tiẹ̀, tèmi, tìrẹ, ti Bàbá. Bàbá ńkọ́? Bàbá wà lórí ẹní ilé-iṣẹ́ wọn ní nǹkan bí àádọ́ta ìṣísẹ̀ sí wa, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n ń bu ọtí fún Ọ̀gá Hamazaki. Màmá á ní, "Ó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó kí ọ̀gá rẹ̀ tán." A ó jẹun títí, oòrùn á wọ̀, Màmá á di oúnjẹ tiwọn sínú aṣọ ìdìpọ̀, a ó sì relé. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n dé orí ẹní wa, ìyẹn ọdún tí òjò lé àwọn ará ilé-iṣẹ́ wọn sá, tí òjò kan náà sì ti fọ gbogbo oúnjẹ tiwa nù.

Ọdún tó gbẹ̀yìn ni kò ṣeé gbàgbé. Ara Màmá ti dà bí aṣọ tí a fọ̀ fọ̀ fọ̀. Ìwọ lo gbé e láti inú ọkọ̀ dé abẹ́ igi. Ó pe orúkọ Bàbá, ó tún pè é lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo agbára tó kù nínú rẹ̀ ló sì fi pè é. Wọn ò yíjú. O dìde láti lọ fà wọ́n wá, Màmá di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ mú, ó ní kí o má dójú ti bàbá rẹ níwájú ọ̀gá rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, ó kú. Nígbà tí a sin ín tán, tí o sọ̀rọ̀ yẹn lójú gbogbo ẹbí pé kí Bàbá padà sọ́dọ̀ ọ̀gá wọn, pé ó ti gbàyè sílẹ̀ fún wọn, àwọn àbúrò Bàbá ní ariwo ló pọ̀ nínú ọgbà lọ́jọ́ náà, pé kò sí bí ẹ̀gbọ́n àwọn ṣe lè gbọ́ ìpè Màmá. Bàbá ò sọ nǹkan kan. Ìwọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hakodate, o ò sì padà wá mọ́. Èmi dúró, mò ń bá wọn wẹ ìrẹsì, mò ń bá wọn fọ aṣọ, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé o sọ ọ́. Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń fi ìyẹn pamọ́ fún ọ.

Nítorí náà, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo pinnu pé mi ò lọ. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, mo gbé ṣòkòtò kan sókè, mo rí i pé mo ti rán ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ dí pa. Ọmọ tó ni ín ì bá ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ títí ayé, kì bá tí yọ. Mo pa ìsọ̀ dé. Mo dín ẹyin, mo fi ṣúgà sí i bí Màmá ṣe máa ń ṣe, mo fọwọ́ di ìrẹsì, mo fi ewé òkun wé e. Mo ń sọ fún ara mi pé òdòdó ni mo fẹ́ lọ wò o, kì í ṣe ẹnikẹ́ni.

Kí n tó dé afárá ni mo ti rí ẹní náà. Naoyuki, bí o bá rí i! Bàbá lọ tẹ́ ẹní ọ̀rá búlúù tó gba ogún ènìyàn. Ogún! Àwọn òbí tó gbé ọmọ kékeré wá ń há ara wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, Bàbá sì wà láàárín búlúù yẹn bí ẹni tó ń dá wa ọkọ̀ lórí òkun. Wọ́n fi ìgò omi tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, ó gún régé bí ojú tábìlì. Tìmùtìmù mẹ́rin ilé wa wà láàárín, wọ́n tò ó gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe ń tò ó, ti Màmá tí mo lẹ àkísà mọ́ wà láàárín wọn. Wọ́n wá kọ ọ́ sára páálí kan pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé ọ́fíìsì wọn yẹn: KUWABARA. ÈNÌYÀN MẸ́RIN. LÁTI AAGO MỌ́KÀNLÁ. Àwọn fúnra wọn ò jókòó sórí tìmùtìmù kankan. Etí ẹní níbi tí a ń bọ́ bàtà sí ni wọ́n kúnlẹ̀ sí, níbi tí òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà máa ń jókòó sí bí wọ́n bá ní kó wá gbàyè fún ọ̀gá.

Obìnrin kan tó ń bọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló sọ fún mi pé láti aago márùn-ún àárọ̀ ni bàbá náà ti wà níbẹ̀. Ó ní òun ti bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n lè ká a kéré díẹ̀, wọ́n sì tẹríba fún òun lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní kí òun má bínú, pé irú èyí nìkan ni àwọn mọ̀ ọ́n tẹ́, àwọn ò mọ bí ẹní ìdílé ṣe ń tóbi tó. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí i rín.

Mi ò lọ bá wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo lọ dúró sẹ́yìn ìsọ̀ ẹni tó ń ta ẹran sísun. Jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo fẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀ sí i. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ bó ṣe máa ń rí.

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn ará ilé-iṣẹ́ páálí dé. Wọ́n tó méjìdínlógún, wọ́n gbé páálí bíà lé èjìká, Ọ̀gá Hamazaki ló ṣíwájú pẹ̀lú irun funfun rẹ̀. Àyè tí wọ́n rí gbà lọ́dún yìí wà lẹ́bàá ilé ìtọ̀, ojú gbogbo wọn sì ti fà ro. Bí wọ́n ṣe rí Bàbá, bí wọ́n ṣe rí ẹní ńlá náà, bí wọ́n ṣe rí orúkọ Kuwabara lára páálí, ojú wọn là. Kí ni wọn ì bá tún rò? Ọkùnrin tó ń fi gbogbo ayé rẹ̀ sìn wọ́n, tó fẹ̀yìn tì ní ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, tó jókòó níbi tí ẹni tó ń gbàyè máa ń jókòó sí, lórí irú ẹní tí ilé-iṣẹ́ máa ń tẹ́. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń bọ́ bàtà, wọ́n ń gun orí ẹní. Kí n tó ṣẹ́jú, bàtà ti tò lọ bí ẹyẹ lórí wáyà.

Ọ̀gá Hamazaki jókòó sórí tìmùtìmù Màmá. Ó yíjú sí àwọn yòókù, ó ní, "Mo sọ fún yín, àbí mi ò sọ? Kuwabara ò lè gbàgbé wa láyé."

Bàbá dìde. Ó pẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn tó nà, nítorí wọ́n ti kúnlẹ̀ láti ìdájí. Wọ́n tẹríba débi pé orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹní àwọn ọmọ mi lèyí."

Ọ̀gá Hamazaki rò pé àwàdà ni. "Ẹní yìí? Ọmọ mélòó lo bí, Kuwabara?"

"Méjì ni, ọ̀gá."

"Àwọn dà?"

"Wọn ò tíì dé."

"Ṣé wọ́n ń bọ̀?"

"Mi ò mọ̀. Mo kàn ń dúró dè wọ́n ni."

Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan tó ń ṣe ìṣirò ní ọ́fíìsì wọn, ọmọlúàbí ènìyàn, dá a lábàá pé kí àwọn jókòó ná, bí àwọn ọmọ bá dé, àwọn á sún. Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni. Mo sì mọ̀ nínú ara mi pé Bàbá á gbà, nítorí pé ọdún mẹ́tàlélógójì ni wọ́n ti ń gbà. Mo ti yí ẹsẹ̀ padà láti máa lọ sílé.

Mo wá gbọ́ ohùn wọn. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Rárá. Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo yín, ẹ wọ bàtà yín."

Naoyuki, mi ò mọ ìgbà tí mo kúrò lẹ́yìn ìsọ̀ ẹlẹ́ran. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo bá ara mi létí ẹní náà, ìdì oúnjẹ lọ́wọ́ mi, mo ń tẹríba fún àwọn èrò tí wọ́n ń wá bàtà wọn kiri. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, mo pẹ́." Bàbá wò mí. Ọ̀gá Hamazaki wo èmi, ó wo oúnjẹ ọwọ́ mi, ó wo tìmùtìmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Ó fọwọ́ gbọn eruku orí rẹ̀ nù, ó tò ó padà sí bó ṣe wà. Ó ní, "Kuwabara, jẹun dáadáa," ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sẹ́bàá ilé ìtọ̀. Mi ò fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, o mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́ mọ́ ọn.

A ká ẹní náà dé ìdajì, a ní kí obìnrin ọlọ́mọ náà wá lo àyè tó kù. Mo ní kí Bàbá kúrò létí ẹní, kí wọ́n wá jókòó sórí tìmùtìmù wọn bí baba ilé. Mo tú oúnjẹ. Wọ́n mú ẹyin díndín kan, wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní gbígbóná rẹ̀ tún yàtọ̀. Wọ́n ní tútù ni àwọn máa ń jẹ ẹ́, lọ́jọ́ kejì, ní ìdúró, kí àwọn tó lọ síbi iṣẹ́. Gbogbo èyí tí Màmá ń dì pamọ́ fún wọn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n ń jẹ ẹ́. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Òdòdó ń já bọ́ sínú ife tíì wọn, wọn ò yọ ọ́.

Mo ti ń rò pé ó parí síbẹ̀. Wọ́n wá gbé ife wọn kalẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ," wọ́n ní.

Mo béèrè ohun tí wọ́n gbọ́.

"Ìyá rẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pè mí lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ariwo ni kò jẹ́ kí n gbọ́. Irọ́ ni. Mo gbọ́ ọ. Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, mo ní kó kàn parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ná."

Inú bí mi. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ da oúnjẹ náà sínú yàrà, kí n máa lọ. Mo ti fi ariwo yẹn tu ara mi nínú fún ọdún márùn-ún, bóyá ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Mo wò wọ́n, wọn ò bẹ̀ mí, wọn ò sunkún, wọ́n kàn fi ọwọ́ méjèèjì lé orí itan wọn, wọ́n ń dúró de ohun tí màá ṣe. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bàbá ti wo ẹ̀yìn, wọ́n sì ti rí ohun tó wà níbẹ̀. Èmi ni mo sunkún. Mo sunkún ti Màmá, mo sunkún tìrẹ, mo sì sunkún fún ọkùnrin tó mọ irú ohun bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀, tó ń dìde lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀.

Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí ọ. Àwọn ló ní kí n kọ ọ́, má rò pé òfófó ni mò ń ṣe. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ fún ọ fúnra wọn. Wọ́n ní àwọn á sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí o ti mọ̀ kí o tó rí àwọn, nítorí bí àwọn bá rí ojú rẹ, ẹ̀rù lè bà àwọn, kí àwọn tún sá sẹ́yìn ariwo yẹn. Mo ti kọ ọ́ báyìí. Mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò sì yọ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bi mí léèrè ìgbà tí òdòdó máa ń yọ ní Hakodate. Mo ní ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Ṣé o rí i, wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin ti ọjọ́ kejì oṣù náà, wọ́n sì ti gba yàrá kan sí ilé àlejò kékeré tó wà nítòsí ọgbà Goryōkaku. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n láti sọ ọ́ fún mi. Wọn ò ní wá kan ilẹ̀kùn rẹ, wọ́n ní àwọn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Wọn ò ní pè ọ́ lórí fóònù. Ní ìdájí ọjọ́ kẹta, wọ́n á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ṣẹ́rì ní ẹnu ọ̀nà gúúsù, wọ́n á sì jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí ẹnikẹ́ni ò bá wá, wọ́n á tún jókòó ní ọjọ́ kẹrin.

Mo béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe bí o ò bá wá ní ọjọ́ kẹrin náà. Wọ́n ní, "Ìyá yín dúró dè mí fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Màá tún wá ní ọdún tó ń bọ̀."

Ní àná, wọ́n gbé ẹní náà wá sí ìsọ̀ mi, wọ́n ní kí n bá àwọn gé e sí ìwọ̀n ìdílé. Mo bi wọ́n pé ìwọ̀n ẹni mélòó. Wọ́n ka ìka wọn: ìwọ, Satsuki, Kozue, àti àwọn fúnra wọn tí wọ́n lè jókòó sí etí rẹ̀. Mo gé e, mo sì rán etí rẹ̀ yípo kí ó má baà ya. Wọ́n tún bi mí bí orúkọ Kozue ṣe ń jẹ́ kíkọ, nítorí wọn ò fẹ́ ṣi orúkọ ọmọ kọ lára páálí. Mo fi káàdì ọdún tuntun yín hàn wọ́n. Wọn ò dá a padà fún mi títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Èmi ò sọ pé kí o dárí jì wọ́n o. Èmi gan-an ò tíì parí tèmi, àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ń jí pẹ̀lú rẹ̀. Mi ò sì sọ pé kí o lọ. Ọkùnrin ni ọ́, o ní ìyàwó, o lọ́mọ, o mọ ohun tí ara rẹ lè gbé. Mo kàn rí ohun kan ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí Màmá fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n wọ̀nà fún, tí kò rí, mi ò sì lè rí i kí n dákẹ́ sí ọ.

Bá mi kí Satsuki, sọ fún un pé epo atalẹ̀ tó ní kí n wá fún ikọ́ òun ń bọ̀ nínú páálí tó tẹ̀lé ìwé yìí, àti ìrẹsì pẹ̀lú ẹja tí wọ́n tẹ̀ sínú igbá ọparun tí ìwọ fẹ́ràn. Bá mi gbá Kozue mọ́ra kó le díẹ̀. Bá mi kí àwọn aládùúgbò rẹ tí wọ́n bá ọ kó yìnyín nígbà tí ìbàdí ń dùn ọ́.

Mo ń fi ìfẹ́ tí kò yẹ̀ kọ ọ́, èmi tí mo jẹ́ tìrẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọ lé mi lẹ́yìn,

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Fumie.

Mo ti bẹ Bàbá kí wọ́n mú kóòtù tó nípọn dání, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí o rí àwọn kí o rò pé àìsàn ló ń ṣe àwọn, kí o wá tìtorí àánú jókòó. Ìdájí Hakodate ò sì mọ àgbà. Bí o bá máa lọ, lọ ní kùtùkùtù, kí o sì gbé tíì gbígbóná dání.